Afọ́jú Àfọwọ́fà

Ilé aláìsàn ni wọ́n ti pàdé, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ retí òdòdó. Àwọn ẹlòmíràn máa ń pàdé níbi tí orin ti ń dún, tí kálukú ti wẹ̀ tó ti para. Tiwọn bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan tó ń rùn fún òògùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí bàbá ọmọbìnrin náà dùbúlẹ̀ sí, tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ, tí ọ̀rọ̀ kò sì lè jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ilé búrẹ́dì ni ọmọbìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gé búrẹ́dì, tó ń dì í sínú ọ̀rá. Nítorí pé ó dúdú, tí ara rẹ̀ sì ń dán, Adúmáadán ni gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ń pè é, àfi ìyá rẹ̀ tó máa ń sọ pé "ìwọ ọmọ yìí". Nígbà tí irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ kún débi pé ó bo ọrùn, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò tirẹ̀, Àǹtí Télọ̀, pé kó bá òun wá ẹni tó lè wá gé irun nínú ilé. Onígbàjámọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló la ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Àǹtí. Òun ni Àǹtí mú wá.

Adúmáadán ti múra sílẹ̀ de ohun tí àwọn àlejò máa ń ṣe. Wọn á wo bàbá rẹ̀ bí ẹni ń wo àga, wọn á wá kọjú sí ìyá rẹ̀, wọn á ní, "Ṣé ó ti jẹun?" Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí tẹríba kí bàbá náà, ó rọra fi aṣọ bo àyà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe mẹ́rin.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé kí n gé e wálẹ̀ gan-an ni, àbí kí n ṣẹ́ díẹ̀ kù?"

"Kò lè sọ̀rọ̀ o," ni ìyá wí.

"Mo gbọ́, mà." Kò yíjú kúrò lọ́dọ̀ bàbá náà. Ó dúró, ó ń retí èsì. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, bàbá náà ṣẹ́jú, ó sì mi orí pé rárá, kó má gé e tán. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. A ó ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé irun funfun yẹ yín."

Adúmáadán sáré jáde lọ sí ilé ìdáná. Ó dúró níwájú síńkì, ó ń sunkún, kò sì lè sọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi bàbá rẹ̀ ní ohun tó fẹ́.

Ọkùnrin náà ń wá bẹ́ẹ̀ títí bàbá fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí irun kankan láti gé nínú ilé náà mọ́, ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ kò yéé wá. Àǹtí Télọ̀ ló kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀gá onígbàjámọ̀, orí ta lẹ tún ń wá kiri ní ilé ẹ̀gbọ́n mi?" Ọkùnrin náà ní òun kàn ní kí òun yà kí wọn ni. Ó ń kí wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tó yá, iwájú ilé búrẹ́dì ló ń dúró sí, tí Adúmáadán á fi jáde. "Òórùn búrẹ́dì ò kúrò lára yín," ló sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ebi ni mo kọ́kọ́ rò pé ó ń pa mí tí mo bá ti rí yín. Ó ti wá yé mi báyìí pé kì í ṣe ebi." Adúmáadán rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bá ara wọn bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá aláìsàn yẹn kò yẹ̀. "Ẹ" ni wọ́n ń pe ara wọn, àní nígbà tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ìyá rẹ̀ kò gbà, kò sì kọ̀. Ó ní èèyàn dáadáa ni ọkùnrin náà, àmọ́ òun kò tíì rí ohun dáadáa kan tó pẹ́ lọ́wọ́ òun rí.

Bí ìyá ṣe rí nìyẹn. Kí òjò tó ṣú, á ti ní òrùlé máa jò. Inú rẹ̀ kì í dùn tó bá jò o, ṣùgbọ́n ara máa ń tù ú díẹ̀ pé òun ti sọ ọ́.

Ohun tó jò lọ́tẹ̀ yìí, ojú onígbàjámọ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn. Ó ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, abẹ yà á lọ́wọ́, ó gé oníbàárà kan létí, ọkùnrin yẹn sì fi ariwo ta gbogbo àdúgbò jí pé onígbàjámọ̀ ò ríran mọ́. Láàárín ìwọ̀nba ọjọ́, ìjókòó tó máa ń kún fún àwọn tó ń dúró de àyè ti ṣófo.

Ó lọ rí dókítà ojú. Dókítà ní àìsàn kan ló ń jẹ ojú rẹ̀ láti inú, kì í dunni, ohun tó bá sì ti mú lọ, kì í dá a padà. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ojú ọ̀tún ṣì dára. Ó fún un ní òògùn tí yóò máa kán sí i láàárọ̀ àti lálẹ́.

"Tẹ́ ẹ bá ń kán an, ó lè di èyí tó ṣẹ́ kù mú," ni dókítà wí. "Mi ò ṣèlérí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ò bá kán an, mo lè ṣèlérí ohun tó máa ṣẹlẹ̀."

Dókítà sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni onígbàjámọ̀ gbé kúrò níbẹ̀, dókítà ò sì fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà. Afọ́jú.

"Ẹ lọ wá ẹlòmíràn," ló sọ fún Adúmáadán níwájú ilé búrẹ́dì, lọ́sàn-án gangan, táwọn èèyàn ń kọjá, nígbà tó ròyìn ọ̀rọ̀ dókítà fún un tán. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú aláìsàn kan tán ni. Ẹ ò gbọdọ̀ tún bọ́ sọ́wọ́ òmíràn."

"Ta ló sọ fún yín pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń wá?"

"Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà ní ojú kan ṣì dára. Èmi náà ò ju ẹyọ kan lọ. Ojú kan á rí mi."

Ó kù díẹ̀ kí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí padà, ó ń lọ, èjìká òsì rẹ̀ sì gbá obìnrin kan tó ń kọjá.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ẹ̀rù ba Adúmáadán. Ẹnu ló fi le. Nígbà tó délé, ó rántí bí wọ́n ṣe ń yí bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹ̀yìn ṣe ń dun ìyá rẹ̀, bí ilé ṣe ń rùn. Ó tiẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìfẹ́ ni, àbí pé òun ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú ilé tí kò sí aláìsàn mọ́. Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kó lè jẹun. Kò rí ìdáhùn sí i, àmọ́ ó rí i pé òun ṣì fẹ́ rí ọkùnrin náà.

Àǹtí Télọ̀ ló gba iṣẹ́ alárinà. Ó wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ṣì fi òṣùwọ̀n télọ̀ kọ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ti ẹni tó ń fi abẹ gé èèyàn létí?"

"Etí ẹyọ kan péré ni, ó sì ti jinná."

"Máa ṣàwàdà. Ìwọ kọ́ lo mú un wọlé yìí?" Ìyá gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀. "Ojú yẹn máa fọ́. Ṣọ́ọ̀bù á tì, ọmọ mi á sì máa fi ọwọ́ fà á lọ sí ilé ìtọ̀. Mo ti ṣe é rí. Mo mọ bó ṣe ń rí láàárọ̀, mo mọ bó ṣe ń rí lálẹ́. Mi ò bímọ fún irú ìyẹn."

"Dókítà ò sọ pé ó máa fọ́ o."

"Dókítà ò kúkú sọ pé ọkọ mi máa kú náà."

Àǹtí Télọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, wo ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, onígbàjámọ̀ kò wá sí iwájú ilé búrẹ́dì mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Adúmáadán wọ aṣọ tuntun, ó lọ bá a nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn kò tì. Òòrùn ń ràn níta, ṣùgbọ́n inú yàrá ṣókùnkùn. Onígbàjámọ̀ ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé. Ó ti yọ gílóòbù iná kúrò lókè. Dígí tó máa ń fi wo ara rẹ̀, ó ti dojú rẹ̀ kọ ògiri. Òun fúnra rẹ̀ dúró láàárín yàrá, ó fi aṣọ dúdú di ojú rẹ̀ pinpin.

Kò gbọ́ pé ẹnìkan wọlé. Ó na ọwọ́, ó tọ etí tábìlì lọ, ó rí kọ́ọ̀bù, ó ti ìka kan bọ inú rẹ̀, ó ń da omi sí i. Nígbà tí omi kan ìka, ó dáwọ́ dúró. Kò sí èyí tó dà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti ń mọ iṣẹ́, ẹ̀rín yẹn ló sì ba Adúmáadán nínú jẹ́ jù lọ.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Kò tú aṣọ náà. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ ò rí i, ó ti ń mọ́ mi lára. Mo lè wọ aṣọ, mo lè fá orí ara mi. Tí ọjọ́ náà bá dé, kò ní bá mi lójijì."

"Òògùn ojú ńkọ́?"

Ó gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu. Adúmáadán ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sókè, ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó sì rí ìgò kékeré náà létí ibùsùn. Wọn kò tíì já ìdérí rẹ̀.

"Ẹ ò tíì ṣí i rárá."

"Kí ni kí n ṣí i fún? Mo mọ ibi tí mò ń lọ. Kí n kúkú tètè débẹ̀."

Inú bí Adúmáadán, gbogbo ọ̀wọ̀ tó ti ń bù fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdé sì fò lọ.

"Tú aṣọ yẹn lójú rẹ! Mo ní kí o tú u! Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tuntun wá, mo dúró síwájú rẹ, o sì fi aṣọ bojú! Ta ló ń fọ́ ọ lójú? Àìsàn ni, àbí ìwọ fúnra rẹ? Àìsàn ò tíì dé ojú ọ̀tún, ìwọ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀!"

"Mo kàn fẹ́ kó mọ́ mi lára ni..."

"Bàbá mi ò lè gbé ọwọ́ kan sókè. Ọwọ́ kejì ló fi ń dì mí mú. Kò so ìyẹn náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ọkùnrin náà dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn orí, ó tú kókó aṣọ náà. Ìmọ́lẹ̀ dùn ún. Ojú òsì rẹ̀ ń wo ibòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀tún wá Adúmáadán kiri títí ó fi rí i, ó sì wò ó pẹ́.

"Ṣé pupa ni aṣọ yẹn?"

"Àwọ̀ ọsàn ni."

"Ó yẹ yín," ló wí, ó sì bú sẹ́kún. Ńṣe ni Adúmáadán ní láti dúró kó sunkún tán kó tó lè kán òògùn náà sí i lójú, kí omijé má baà fọ̀ ọ́ dànù.

"Mi ò lè ṣèlérí pé inú mi á máa dùn," ni ọkùnrin náà sọ nígbà tó gbé orí sẹ́yìn.

"Ta ló bèèrè ìdùnnú lọ́wọ́ rẹ? Ṣáà máa kán òògùn."

Nígbà tí Adúmáadán délé, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó sì bi í. Adúmáadán sọ gbogbo rẹ̀, gílóòbù, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìgò òògùn tí wọn ò ṣí. Ó ń retí pé ìyá á ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ṣé o rántí bàtà bàbá rẹ?" ló bi í nígbẹ̀yìn. "Èyí tí mo kó fún àwọn èèyàn?"

"Lẹ́yìn ìsìnkú."

"Rárá. Ó ṣì wà láàyè. Ibi iṣẹ́ lo wà. Mo ní kò ní rìn mọ́, kí ni wọ́n ń gba àyè fún? Mo kó wọn sínú àpò, mo gba iwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjá. Ó ń wò mí." Ìyá fi ìka na ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. "O mọ̀ pé láràárọ̀ ló máa ń gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀ yẹn? Láti ọjọ́ náà, kò gbé e wò mọ́. Bóyá kì bá tí rìn náà. Mi ò mọ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ ká mọ̀."

Adúmáadán jókòó ti ìyá rẹ̀ títí ẹ̀fọn fi lé wọn wọlé.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ọkùnrin náà fò dìde.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"Mi ò wá fún ọ lọ́mọ o."

"Mo mọ̀, mà."

"Òògùn yẹn ni mo wá wò. Gbé e wá." Ó gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé ọkọ rẹ̀. Òògùn ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ó dá a padà fún un, ó wo inú ṣọ́ọ̀bù yíká. "Kí ni àga yìí ń ṣe nínú òkùnkùn? Ìwọ tí o ò ríran dáadáa ni wàá gbé iṣẹ́ rẹ sí kọ̀rọ̀? Di ẹsẹ̀ kan mú, ká gbé e sẹ́nu ọ̀nà."

Wọ́n jọ gbé e. Àga náà wúwo bí òkú, ìyá sì ń mí hẹlẹ nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀.

"Ẹ̀rù rẹ ṣì ń bà mí," ló wí. "Má rò pé mo ti gbà." Ó sì lọ.

Ẹni tó bá rò pé gbogbo nǹkan wá dùn láti ọjọ́ náà kò mọ bí ayé ṣe ń rí. Díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà padà, àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àwọn tó kù kò wẹ̀yìn. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí òòrùn bá wà, ó ń ṣíwọ́ nígbà tí òòrùn bá ń wọ̀. Bí ó bá ti jí, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ojú kan, á fi èkejì wò, á sì pààrọ̀ wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bo ọ̀tún, kò sì rí nǹkan kan. Kò sí ariwo, kò sí ìrora. Ojú òsì ti lọ.

Ó jókòó sórí ibùsùn. Aṣọ dúdú yẹn ṣì wà nínú àpótí, ó mọ ibi tó wà. Ọkàn rẹ̀ lọ síbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgò òògùn ló gbé, ó kán an sí ojú tó kù, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Adúmáadán yà níbẹ̀ nígbà tó ṣíwọ́. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì mọ̀.

"Òsì ti lọ," ni ọkùnrin náà wí.

Adúmáadán kò sọ fún un pé yóò dára. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. "Ọ̀tún ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ó dáa." Wọ́n jọ jókòó wo títì títí òòrùn fi wọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, dókítà yẹ ojú ọ̀tún wò, ó ní bó ṣe wà nígbà tó kọ́kọ́ rí i ló ṣe wà. Kò ṣèlérí nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí náà. Nígbà tí ìyá gbọ́, ó ní kí Àǹtí Télọ̀ lọ pe ọkùnrin náà wá. Ó fi àwọn méjèèjì jókòó síwájú rẹ̀.

"Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ṣì ń rò ó pé ojú yẹn máa fọ́. Mo ń rò ó tí mo bá jí, mo ń rò ó tí mo bá fẹ́ sùn. Bí ọkàn mi ṣe rí nìyẹn, mo sì ti dàgbà jù láti pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò mi ni, ẹrù mi ni. Mi ò ní gbé e rù yín. Ẹ lọ mú ọjọ́."

Àǹtí Télọ̀ ní kí wọ́n tètè mú un kí ẹ̀gbọ́n òun tó tún rántí nǹkan mìíràn.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Yàrá kékeré kan ni, nínú ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló wà níbẹ̀, bàtà gbogbo wọn sì tutù. Ọkùnrin tó fẹ́ so wọ́n pọ̀ kò mọ̀ wọ́n rí. Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ìyàwó, ẹ bọ́ sí apá òsì ọkọ yín. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí."

Adúmáadán bọ́ sí apá òsì. Onígbàjámọ̀ yí orí láti wò ó, ọrùn rẹ̀ kò yí débẹ̀ tán. Ó tún gbìyànjú. Ojú ń tì í láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn, ó bá kọjú síwájú, ó ń wo ògiri. Adúmáadán rí i pé ògiri ló ń wò, ṣùgbọ́n kò mọ bí òun ṣe máa dá ètò ìjọba dúró.

Àga kan dún gbàràgàdà lẹ́yìn. Ìyá ti dìde. Àǹtí Télọ̀ na ọwọ́ láti fa aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò bá a. Ìyá rìn lọ síwájú níṣojú gbogbo wọn, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ mú, ó mú un gba ẹ̀yìn onígbàjámọ̀ kọjá, ó sì gbé e dúró sí apá kejì.

"Màmá," ni ọkùnrin ìjọba náà wí, "apá òsì ni ìyàwó máa ń wà."

"Ọ̀tún ni," ni ìyá wí. "Ibẹ̀ ló ti ń rí i."

Ó tún aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣe léjìká, ó sì padà lọ jókòó.